Orí Keje: Ìṣirò Owó Oṣù Mẹ́ta-Mẹ́ta Nílé-iṣẹ́ Tó Ń Ṣe Ọkọ̀ Oníná

Ilé-iṣẹ́ tí ìpín ìdókòwò rẹ̀ wà lọ́jà NGX l'Ékòó kò láǹfààní láti dákẹ́ di òpin ọdún. Bí oṣù mẹ́ta bá ti pé, ọjọ́ 30 péré ló ní láti gbé ìwé ìṣirò owó rẹ̀ síta fún gbogbo ayé rí, nígbà tó jẹ́ pé ọjọ́ 90 ló ní fún ìwé ọdún kan gbáko, èyí tí ọ́dítọ̀ máa ń yẹ̀ wò fínnífínní. Ìlànà tó ń darí ìwé oṣù mẹ́ta-mẹ́ta yìí ni IAS 34, tí wọ́n gbé jáde ní 1998 tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1999. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Nàìjíríà bọ́ sábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ìlànà ìròyìn owó àgbáyé (IFRS) yòókù, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2012, lẹ́yìn tí òfin 2011 ti dá àjọ FRC sílẹ̀ láti máa ṣọ́ bí àwọn ilé-iṣẹ́ ṣe ń ròyìn owó wọn. Ohun kan nínú IAS 34 ni orí yìí máa dúró lé: ìlànà ìṣirò tí ilé-iṣẹ́ ń lò fún ìwé ọdún náà ni kó lò fún ìwé àárín ọdún. Ó rọrùn láti kà, ó sì rọrùn láti gbà lẹ́nu. Nílé-iṣẹ́ ọkọ̀ oníná, tí ọjà rẹ̀ ṣì jẹ́ tuntun, tí kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà iye ọdún tí bátìrì máa lò, ibẹ̀ ló ti máa ń nira jù láti pa á mọ́. Ibẹ̀ náà, lójú tèmi, la ti nílò rẹ̀ jù.

Kí ọ̀rọ̀ wa lè rílẹ̀ tẹsẹ̀ lé, ẹ jẹ́ ká ro ilé-iṣẹ́ kan sí Àrán-Ọ̀rin, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Àpẹẹrẹ lásán ni, a kò sì ní sọ ọ́ lórúkọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa to ọ̀kadà oníná. Ṣáínà ni páátì ti ń wá, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ni ọlọ́kadà tó ń ná ọ̀nà Òmù-Àrán àti Ẹ̀sìẹ́, àti àgbẹ̀ tó ń fi kájú àti iṣu ránṣẹ́ sọ́jà. Alùpùpù nìkan ni oníbàárà ń rà, bátìrì kò sí nínú owó náà. Bí iná bá fẹ́ tán, ọlọ́kadà á yà sí ibùdó, á fi bátìrì tó ti rẹ̀ sílẹ̀, á gbé èyí tó kún, á san owó pàṣípààrọ̀, ó di ọ̀nà. Irú òwò yìí kì í ṣe àlá. Spiro, tí wọ́n ń pè ní M Auto tẹ́lẹ̀, ti ń ṣe é fún àwọn oní-zémidjan, ìyẹn àwọn ọlọ́kadà, ní Kútọnu àti Lomé láti 2022. Ọdún ìṣirò ilé-iṣẹ́ wa yìí bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní, ó sì ń parí ní oṣù kejìlá.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn akáǹtáńtì ti pín sí ọ̀nà méjì lórí ohun tí oṣù mẹ́ta jẹ́. Àwọn kan ní ẹ̀yà ara ọdún ni, pé kò lè dá dúró, nítorí náà kí a pín ìnáwó ọdún sí i lára bó ṣe tọ́ sí i. Èrò yìí ló wà nínú ìlànà APB 28 tí Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1973. Lábẹ́ rẹ̀, bí ilé-iṣẹ́ bá ṣe ọjà tó kéré ní ìdámẹ́rin ọdún kan, tó sì ti wà nínú ètò rẹ̀ pé òun máa fi ìdámẹ́rin mìíràn dí i, ó lè gbé ìnáwó tó ṣẹ́ kù, tí ọjà náà kò ru, pa mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Àwọn kejì ní sáà tó dá dúró ni oṣù mẹ́ta: ohun tí kò bá lè jẹ́ ohun ìní ní òpin ọdún kò lè jẹ́ ohun ìní ní òpin oṣù kẹta, ohun tí kì í sì í ṣe gbèsè ní òpin ọdún kì í ṣe gbèsè ní òpin oṣù kẹta. Ọ̀nà kejì yìí ni IAS 34 mú, àfi níbi díẹ̀. Ó sì sọ ọ́ kedere pé kò yẹ kí a gbé irú ìnáwó tó ṣẹ́ kù bẹ́ẹ̀ pa mọ́ nítorí pé a ń retí àtidí i kí ọdún tó parí.

Ẹ wò ó lára owó ilé-iṣẹ́ wa. Ká ní ìnáwó tí kì í yí padà, bí owó ilé, owó oṣù àwọn ọ̀gá iṣẹ́ àti ẹ̀rọ, jẹ́ ₦52,500,000 ní oṣù mẹ́ta, ọ̀kadà 350 ni ilé-iṣẹ́ sì lè ṣe ní sáà tí ohun gbogbo bá ń lọ déédé. Ọ̀kadà kọ̀ọ̀kan á ru ₦150,000. Ní ìdámẹ́rin kẹta, òjò pọ̀, páátì pẹ́ ní èbúté, 200 péré ló jáde. ₦30,000,000 ló máa bá àwọn ọ̀kadà náà wọnú ilé ìpamọ́. ₦22,500,000 tó ṣẹ́ kù di ìnáwó ní ìdámẹ́rin kẹta yẹn gan-an. Ọ̀gá àgbà á sọ pé, “Ẹ fi í sílẹ̀, a máa ṣe 500 ní ìdámẹ́rin kẹrin.” Ó lè ṣe é. Ṣùgbọ́n bí a bá fi owó náà pa mọ́ sára ọjà tó wà nílẹ̀, a ti sọ fún ẹni tó fẹ́ ra ìpín ìdókòwò lóṣù kẹwàá pé ọ̀kadà 200 wọ̀nyẹn níye lórí ju iye tó ná wa lọ, a sì gbé e lé ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀.

Owó tó wọlé ni àkọ́kọ́ nínú ohun tí ìlànà yìí ń tọ́ sọ́nà. IFRS 15, tí wọ́n gbé jáde ní oṣù karùn-ún 2014, ní kí a ka owó ọjà sí èyí tó wọlé nígbà tí ọjà bá bọ́ sábẹ́ àṣẹ ẹni tó rà á. Ìgbà tí ọjà kúrò ní géètì wa kọ́, ìgbà tí oníbàárà fọwọ́ sí ìwé kọ́. Fún ọkọ̀, ìyẹn sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ tí kọ́kọ́rọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Tesla ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019. Ní oṣù mẹ́ta tó gbẹ̀yìn 2018 ó fi ọkọ̀ tó lé ní 90,000 lé àwọn oníbàárà lọ́wọ́. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ 2019 ó já sí nǹkan bí 63,000. Ẹ̀bùn owó orí tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fún ẹni tó bá ra ọkọ̀ rẹ̀ ti bọ́ láti $7,500 sí $3,750 ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, torí náà àwọn tó fẹ́ rà ti sáré rà á kí ọdún tó yí. Pẹ̀lú ìyẹn, ilé-iṣẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó Model 3 lọ sí Yúróòpù àti Ṣáínà, ọkọ̀ bí 10,600 sì wà lójú ọ̀nà nígbà tí oṣù kẹta parí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ owó tó wọlé. Àdánù $702 mílíọ̀nù ló jáde ní ìdámẹ́rin yẹn. Ẹni tó bá rò pé oṣù mẹ́ta kò dá dúró á ní kí wọ́n rọ ọ́ lójú, nítorí ọkọ̀ wọ̀nyẹn kò ní ṣàì dé èbúté. Wọ́n dé. Àmọ́ ìwé oṣù kẹta kọ́ ni ìwé tó yẹ kó ròyìn dídé wọn.

Nílé-iṣẹ́ Àrán-Ọ̀rin, owó pàṣípààrọ̀ bátìrì tún yàtọ̀ sí owó ọ̀kadà. Akẹ́kọ̀ọ́ lè rò pé ńṣe la ń fi bátìrì háyà, kí IFRS 16, ìlànà ọ̀rọ̀ háyà, wá kàn án. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọlọ́kadà kò ní bátìrì kan pàtó tó jẹ́ tirẹ̀ láti lò. Èyíkéyìí tó bá wà ní ibùdó ni wọ́n máa gbé fún un, wọ́n sì lè gbà á padà lọ́la fi òmíràn rọ́pò. Iṣẹ́ la ń ṣe fún un, a sì ń ka owó rẹ̀ sí èyí tó wọlé nígbàkúùgbà tó bá ṣe pàṣípààrọ̀. Bátìrì fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun ìní ilé-iṣẹ́ lábẹ́ IAS 16, iye rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ máa dín kù bó ṣe ń gbó. Ká ní bátìrì kan jẹ́ ₦600,000, tí a sì retí pé á gbaná ní ìgbà 1,500 kó tó di ohun àpatì: ₦400 ni ìgbà kọ̀ọ̀kan. Bó bá gbaná lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọjọ́ 90, ₦36,000 ló máa kúrò nínú iye rẹ̀. Bí ọjọ́ òjò bá dín ìrìn ọlọ́kadà kù, ìdínkù iye á kéré ní sáà yẹn, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀, nítorí ohun kan náà la máa ṣe ní òpin ọdún. Èyí tó burú ni kí a ka ìgbà tó gbaná nígbà tí òwò bá dúdú, kí a tún padà máa ka oṣù nígbà tí òwò bá dára. Bátìrì lithium máa ń gbó láti inú jíjókòó lásán pàápàá, torí náà ẹni tó bá yan kíka ìgbà tó gbaná gbọ́dọ̀ ronú sí ìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. IAS 34 tún ní kí a má ṣe ka bátìrì tí a ṣì fẹ́ rà ní ìdámẹ́rin kẹrin mọ́ èyí tó wà lọ́wọ́.

Wáráńtì ni ibi tí gbogbo èyí ti ń ta koókó. Nígbà tí a bá ta ọ̀kadà, a ti jẹ gbèsè àtúnṣe tó lè tẹ̀ lé e, IAS 37 sì ní kí a ya owó sọ́tọ̀ fún un lọ́jọ́ tí a tà á. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni wá, ìfojúdíwọ̀n wa kò sì lè dájú bí ti ẹni tó ti tà á fún ogún ọdún. Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe é. Ní ìdámẹ́rin kìíní a ta ọ̀kadà 400. A díwọ̀n rẹ̀ pé nǹkan máa ṣe 5 nínú ọgọ́rùn-ún wọn, àtúnṣe kọ̀ọ̀kan sì máa jẹ́ ₦60,000. A ya ₦1,200,000 sọ́tọ̀. Ní ìdámẹ́rin kejì a ta 300 sí i, àwọn mẹkáníìkì wá rí i pé 8 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń padà wá. Fún 700 tí a ti tà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ó yẹ kí ₦3,360,000 wà nílẹ̀. Torí pé ₦1,200,000 ti wà níbẹ̀, ₦2,160,000 ni ìnáwó ìdámẹ́rin kejì. Nínú rẹ̀, ₦720,000 jẹ́ ti ọ̀kadà ìdámẹ́rin kìíní. A kò ní padà lọ tún ìwé ìdámẹ́rin kìíní kọ, nítorí ìfojúdíwọ̀n ló yí padà, kì í ṣe àṣìṣe. Ṣùgbọ́n IAS 34 fẹ́ kí a sọ ọ́ nínú àlàyé ìwé ìdámẹ́rin kejì bí iye rẹ̀ bá tó nǹkan, kí òǹkàwé lè mọ ìdí tí ìnáwó fi ga.

Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ lóde ayé fi hàn pé owó kékeré kọ́ ni irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́. Ní oṣù kọkànlá 2020, gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó, Babajide Sanwo-Olu, ṣí Hyundai Kona oníná tí ilé-iṣẹ́ Stallion tò ní Èkó síta, inú àwọn ènìyàn sì dùn pé ọkọ̀ oníná ti ń jáde nílé wa. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní oṣù kejì 2021, Hyundai ní Kòríà kéde pé òun máa pe ọkọ̀ oníná bí 82,000 padà káàkiri ayé, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ Kona, nítorí bátìrì tó lè gbaná jẹ. Ìnáwó rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí trílíọ̀nù 1 won. Hyundai kò sọ ọ́ di ti 2021 torí pé 2021 ni ìkéde náà wáyé: ó padà sí ìwé 2020, ó sì fi owó náà kún ìnáwó ìdámẹ́rin tó gbẹ̀yìn, torí pé àwọn ọkọ̀ tó lábùkù ti wà lọ́wọ́ oníbàárà nígbà tí ọdún parí. General Motors ní ti rẹ̀ ka nǹkan bí $800 mílíọ̀nù sí ìnáwó ní ìdámẹ́rin kejì 2021 fún bátìrì Chevrolet Bolt, ó sì tún fi kún un lẹ́yìn náà. Nígbà tí LG, tó ṣe bátìrì náà, fara mọ́ ọn ní oṣù kẹwàá pé òun á dá tó $1.9 bílíọ̀nù padà, inú ìdámẹ́rin kẹta ni General Motors kọ ọ́ sí. Ẹnìkan á sọ pé ẹ wá wo èyí, àdánù ní ìdámẹ́rin kejì, èrè ní ìdámẹ́rin kẹta, lórí ọ̀ràn kan ṣoṣo. Ṣé kò ní dára kí wọ́n ti fi ọ̀kan gé èkejì? Kò ní dára. Ní òpin oṣù kẹfà, gbèsè náà dájú, owó tí LG máa san kò dájú. Lọ́dọ̀ tiwa náà, IAS 37 kò gbà kí a ka owó àdápadà bí kò bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú tán pé á wọlé.

Ti owó ilẹ̀ òkèèrè ló sún mọ́ wa jù. Ká ní ilé-iṣẹ́ Àrán-Ọ̀rin jẹ olùtajà páátì $200,000 ní òpin oṣù kejìlá 2023, nígbà tí dọ́là kan wà ní nǹkan bí ₦900 lọ́jà ìjọba. Gbèsè náà jẹ́ ₦180,000,000. Ní òpin oṣù kẹta 2024, dọ́là ti lé ní ₦1,300. Bí a bá fi ₦1,300 ṣírò rẹ̀, ₦260,000,000 ni gbèsè, ₦80,000,000 sì di àdánù ní ìdámẹ́rin kan ṣoṣo. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra níbí: gbèsè la ń fi iye dọ́là tuntun ṣírò. Páátì tó ti wà nílé ìpamọ́ kò yí padà, iye dọ́là ọjọ́ tí a rà á ló dúró lé. Ní oṣù kẹrin, nígbà tí ìwé ìdámẹ́rin kìíní ń jáde lọ́wọ́, náírà gbérí, dọ́là já wá sí bí ₦1,150. Mo lè fojú inú rí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó ń bẹ akáǹtáńtì rẹ̀ pé kó lo iye oṣù kẹrin, pé wàhálà ti ń rọlẹ̀. IAS 21, ìlànà owó ilẹ̀ òkèèrè, kò gbà. Iye ọjọ́ tó kẹ́yìn sáà ni, ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ a lè sọ ọ́ nínú àlàyé. Ẹni tó bá sì gba ọ̀gá náà gbọ́, kí ó wo òpin oṣù kẹfà 2024, tí dọ́là ti lé ní ₦1,400. Ilé-iṣẹ́ ńlá kò bọ́ lọ́wọ́ irú àdánù yìí: lẹ́yìn tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà (CBN) tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, Nestlé Nigeria parí ọdún náà pẹ̀lú àdánù tó lé ní ₦79 bílíọ̀nù, MTN Nigeria pẹ̀lú ₦137 bílíọ̀nù, ìyípadà owó ló sì fa èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ní Kútọnu, sẹ́fà 655.957 ni yúrò kan, kò yí, torí náà ẹni tó jẹ gbèsè ní yúrò lè sùn. Ẹni tó jẹ gbèsè ní dọ́là fún Ṣáínà kò lè sùn tó bẹ́ẹ̀, nítorí yúrò fúnra rẹ̀ ń yí sí dọ́là.

Àtakò tó lágbára jù lòdì sí gbogbo ohun tí mo ti sọ ni ti àsìkò. Owó kájú ń wọlé láàárín oṣù kejì sí ìkẹrin, ti iṣu tuntun ń bẹ̀rẹ̀ láti bí oṣù kẹjọ. Bí àgbẹ̀ bá ní owó lọ́wọ́ ló ń ra ọ̀kadà. Wọ́n ní ìwé tó dá dúró máa fi ìdámẹ́rin kan hàn bí ọlọ́rọ̀, kí ó fi èkejì hàn bí aláìní, bẹ́ẹ̀ ilé-iṣẹ́ kan náà ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ́jú èrè, a ti gba ìmọ̀ yẹn gan-an lọ́wọ́ òǹkàwé: kò ní mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ nílò owó ní ìdámẹ́rin tí owó àgbẹ̀ kò wọlé, báńkì tó fẹ́ yá a lówó kò sì ní mọ̀. IAS 34 ní kí a sọ nípa àsìkò nínú àlàyé, ó sì gba ilé-iṣẹ́ tí òwò rẹ̀ ń tẹ̀ lé àsìkò níyànjú pé kó fi ìròyìn oṣù méjìlá tó ti kọjá hàn pẹ̀lú èyí tó ń ròyìn lọ́wọ́. Oògùn àtakò náà nìyẹn.

Àwọn kan tún ní iṣẹ́ náà pọ̀ jù fún ilé-iṣẹ́ kékeré, pé kíka gbogbo páátì nílé ìpamọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún máa ná an lówó ju èrè rẹ̀ lọ. Ìlànà náà kò béèrè bẹ́ẹ̀. Ó gbà pé ìwé àárín ọdún máa ń gbára lé ìfojúdíwọ̀n ju ti òpin ọdún lọ, ó sì sọ pé a lè má nílò kíka gbogbo ọjà ní kíkún. Ìlànà kò yí padà, àmọ́ bí a ṣe ń wọn ohun tí ìlànà ní kí a wọ̀n lè fúyẹ́ sí i. Ti owó orí ló hàn jù nínú ibi díẹ̀ tí IAS 34 fi sílẹ̀ fún èrò àwọn tó ní ẹ̀yà ara ọdún ni oṣù mẹ́ta: iye tí a bá retí pé owó orí máa jẹ́ nínú èrè gbogbo ọdún la fi ń ṣírò ti oṣù mẹ́ta, nítorí ọdún ni ìjọba fi ń gba owó orí. Ẹ má ṣe fi ìyẹn ṣe àwáwí fún nǹkan mìíràn.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ sí orí tó kàn, kó gba ìwé ìdámẹ́rin kìíní 2024 ti ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọjà tó sì wà lórí NGX, kó wá àdánù ìyípadà owó nínú rẹ̀, kó sì wò ó bóyá àlàyé rẹ̀ sọ irú ìlànà tí wọ́n lò fún gbèsè dọ́là àti fún páátì tó wà nílẹ̀.